Awò Tó Ń Sọ Eṣinṣin Di Erin: Lẹ́ńsì Mákírò Tí Ẹgbẹ́ Wa Rà

Láti ìgbà tí a ti lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ pátákó ẹgbẹ́ ni ìbéèrè kò ti jẹ́ kí a sinmi. Àwọn kan ní iwin ni. Àwọn mìíràn ní inú fíìmù òyìnbó ni a ti gé e. Eṣinṣin ni o, eṣinṣin lásán tí ẹ máa ń fọwọ́ lé kúrò lórí oúnjẹ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá olóúnjẹ ni a ti yà á, lórí àwo ẹ̀wà tí ẹnì kan jẹ kù, lẹ́ńsì mákírò tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni a sì fi yà á.

Nítorí pé ìbéèrè pọ̀, tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sì ń kùn pé owó tí a fi ra awò náà ì bá wúlò jù fún Ọjọ́ Àṣà, a rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí awò yìí jẹ́, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ojú wa rí láti oṣù Ọ̀wàrà títí di oṣù Ọ̀pẹ tí a fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ pé tuntun tí a ń pè é, tuntun lọ́wọ́ wa ni. Tòkunbọ̀ ni. Canon EF 100mm f/2.8 Macro USM ni wọ́n kọ sí i lára, irú èyí tí Canon gbé jáde ní ọdún 2000. Kámẹ́rà EOS 600D tí ẹgbẹ́ ti ń lò fún ayẹyẹ ni a so ó mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Àwa kò pa èèrà kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ tí òwe náà ń sọ, a lò ó débi tí orúnkún fi ń dun wá.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ MÁKÍRÒ?

Gbogbo lẹ́ńsì ló ní ibi tí kò lè sún mọ́ nǹkan kọjá. Lẹ́ńsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá láti ilé-iṣẹ́, bí ẹ bá gbé e sún mọ́ èèrà jù, àwòrán á ṣú bàìbàì. Bí ẹ bá sì takété kí ó lè hàn, èèrà ọ̀hún á kéré bí àmì ìdánudúró inú ìwé. Lẹ́ńsì mákírò ni èyí tí a ṣe kí ó lè sún mọ́ nǹkan gan-an, tó fi jẹ́ pé àwòrán nǹkan náà lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, á tóbi tó nǹkan náà fúnra rẹ̀. Kan-sí-kan ni èyí, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ báyìí: 1:1. Bí eṣinṣin bá gùn ní mìlímítà 7, àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ á gùn ní mìlímítà 7.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló wá tóbi níbẹ̀? Ohun tó tóbi níbẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ náà kéré. Ti kámẹ́rà wa kò ju mìlímítà 22.3 ní ìbú àti mìlímítà 14.9 ní gíga lọ. Nítorí náà, eṣinṣin wa nìkan á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú àwòrán. Nígbà tí a bá wá tẹ àwòrán náà sórí ìwé tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, eṣinṣin á di ohun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 19, ó tó ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Bí iwin orí pátákó ẹgbẹ́ ṣe di iwin nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi ọ̀rọ̀ "macro" tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì kan tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì alásùn-jáde-sùn-wọlé ló ní ọ̀rọ̀ yẹn lára tí kò sì dé ìdajì kan-sí-kan rárá. 1:1 ni kí ẹ wá. Ní ti Nikon, "Micro" ni wọ́n ń kọ sí tiwọn, iṣẹ́ kan náà ni.

Ìfẹ́ láti rí ohun kékeré kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà. Ní ọdún 1665 ni Robert Hooke tẹ ìwé rẹ̀, Micrographia, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ya ojú eṣinṣin àti ara èèrà síbẹ̀ bí ó ti rí wọn lábẹ́ awò. Kò sí kámẹ́rà nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya nǹkan. Èèrà ló dààmú rẹ̀ jù, nítorí kò fẹ́ dúró lójú kan. Níkẹyìn, ọtí líle ni ó fi rẹ èèrà náà títí tí ó fi yó kẹ́ri, tí kò lè mira mọ́, kí ó tó rí i yà. Ní ti kámẹ́rà, ọdún 1955 ni Heinz Kilfitt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé Makro-Kilar jáde, tí ẹni tó ń ya àwòrán fi lè bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè kí ó sì máa sún mọ́ nǹkan títí kan-sí-kan láìtú lẹ́ńsì.

JÍJÌNNÀ ÀTI SÍSÚNMỌ́

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ń bi wá ni ìdí tí a kò fi ra èyí tó kéré, tó sì fúyẹ́, bíi ti mìlímítà 60. Ìdí ni pé iye mìlímítà yẹn ló ń sọ bí ẹ ó ti jìnnà sí kòkòrò tó. Awò mìlímítà 100 tiwa, bí ó bá dé kan-sí-kan, àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti kòkòrò á tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ti mìlímítà 60 kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn á mú ẹnu awò sún mọ́ kòkòrò débi pé òjìji lẹ́ńsì á bo ẹran náà mọ́lẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 15 kò jọ ohun ńlá, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ti gbìyànjú láti ya agbọ́n lẹ́nu ilé rẹ̀ rí.

Ohun tí kòkòrò ń sá fún jù ni ìmira àti òjìji. Ojú wọn yára láti rí ohun tó ń mira ju tiwa lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wa kì í fi í tètè tẹ eṣinṣin. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ibi tí oòrùn wà lẹ́yìn yín lọ, kí òjìji yín má baà ṣáájú yín débẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa lọ ní títọ́ sí i; ohun tó ń bọ̀ tààrà lójú kòkòrò dà bí ohun tí kò kúrò lójú kan ju èyí tó ń rìn ní ìbú lọ.

Àǹfààní kan wà fún àwa tí a wà ní Zaria níhìn-ín tí àwọn ará ilé kò fi bẹ́ẹ̀ ní: ọyẹ́. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bú ọyẹ́ Àríwá nígbà tí ètè bá ń bó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bí tiwa. Oòrùn ni wọ́n ń yá kí iṣan wọn tó lè ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí òtútù mú gan-an, tata tó ń fò ní mítà mẹ́ta lọ́sàn-án á jókòó sórí koríko bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. A ya lámilámi kan láti ibi tó sún mọ́ ọn débi pé èémí wa ń kàn án, kò mira. Nígbà tí oòrùn yọ tí ara rẹ̀ móoru tán, ó gbọn ìyẹ́, ó lọ. A kò fún un lọ́tí.

Ìyọnu ọyẹ́ ni eruku. Bí ẹ bá tú lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà níta gbangba, eruku á wọ orí sẹ́ńsọ̀, gbogbo àwòrán á sì ní tóótòòtó dúdú lára. Inú yàrá tí a ti pa fáànù ni a ti ń pààrọ̀ lẹ́ńsì wa, a sì ń fi ọ̀rá dì í lọ sóko.

ÌBÚ ÌRÍRAN TÍ KÒ PÉ MÌLÍMÍTÀ KAN

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ẹ bá ya ẹgbẹ́ akọrin láti iwájú, láti ojú ẹni tó wà níwájú dé ògiri ẹ̀yìn lè hàn kedere. Bí ẹ bá sún mọ́ nǹkan dé kan-sí-kan, ibi tó hàn kedere á tín-ín-rín bí ewé ìwé. Pẹ̀lú kámẹ́rà bíi tiwa, bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé bá wà ní f/2.8, ibi tó mọ́ kedere kò ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Ní f/8, ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ní f/11, kò tíì pé mìlímítà kan síbẹ̀. Bí ojú eṣinṣin bá hàn, ìyẹ́ rẹ̀ á ti di kúrukùru. Bí ẹ bá mí kanlẹ̀, ojú náà ti lọ.

Ẹnì kan á ní ṣebí kí a dí ihò náà títí dé f/32 kí gbogbo rẹ̀ lè hàn. Ó ti rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tó há jù kọjá a máa fọ́n ká létí ihò náà, gbogbo àwòrán á wá rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láìlo sítáàṣì. Láàárín f/8 àti f/11 ni a rí i pé awò wa ti dára jù, àyàfi nígbà tí kòkòrò náà bá sanra gan-an tí a fi dé f/16.

Ọgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ jù fún wa nìyí. Ẹ pa ètò tí kámẹ́rà fi ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, lẹ́ńsì á máa ké kíìrí síwá sẹ́yìn bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù nínú òkùnkùn. Ẹ fi ọwọ́ yí òrùka lẹ́ńsì sí ìwọ̀n títóbi tí ẹ fẹ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ara yín ni kí ẹ wá máa fì síwájú fì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì bí ojú kòkòrò bá ti dá ṣáká. Ojú ni kí ẹ mú ṣáájú. Bí ojú bá mọ́, ènìyàn á forí ji ìyókù. Bí ojú bá ṣú, kò sí ohun tí ìyẹ́ tó dára máa ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ara kòkòrò náà ti tẹ́. Lámilámi tó na ìyẹ́ sílẹ̀, òkè tààrà ni kí ẹ ti yà á. Labalábá tó pa ìyẹ́ pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ara rẹ̀ àti ojú sẹ́ńsọ̀ bá dọ́gba, ìwọ̀nba mìlímítà tí a fún wa á ká a láti orí dé ìdí.

Nínú àwòrán 40 tí a yà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, 4 ni a mú délé. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, bó ti rí fún gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nìyẹn.

ÌMỌ́LẸ̀, ÀTI ABỌ́ ÁÍSÌKIRÍÌMÙ

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ ra mákírò ni pé bí awò ti ń sún mọ́ nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín kù. Bí ó bá dé kan-sí-kan, f/8 tí ẹ rí lójú kámẹ́rà á máa ṣiṣẹ́ bíi f/16, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù. Kámẹ́rà Canon wa kò ní sọ ọ́. Nọ́ńbà àtijọ́ náà ni yóò máa fi hàn. Ti Nikon a máa sọ òótọ́ fún olówó rẹ̀.

Nítorí náà, fíláàṣì di dandan. Fíláàṣì tí a so mọ́ orí kámẹ́rà, bí a bá dín agbára rẹ̀ kù, a máa tàn kí ó sì kú láàárín àkókò tó kéré sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sí ọwọ́ tó lè gbọ̀n kí àkókò yẹn tó parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè pa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tì. Koríko á fì, ọwọ́ á gbọ̀n, fíláàṣì á dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì le. Bó bá ba ẹ̀yìn kòkòrò tó ń dán, ẹ̀yìn náà á funfun gbòò, àwọ̀ rẹ̀ á sì nù. A ní láti fi ohun funfun kan sẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà kí ó tó dé ibẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ wà fún títà, ó sì wọ́n. Abọ́ áísìkiríìmù funfun ni a lò, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú ata sínú fírísà, tí ọmọ á ṣí tí inú rẹ̀ á bàjẹ́. A gé ìdí rẹ̀ ní róbótó kí ẹnu lẹ́ńsì lè wọ̀ ọ́, a lẹ tíṣù ìlọ́po méjì mọ́ ọn nínú, a sì darí fíláàṣì sínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde rọ̀ bíi ti ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn. Òórùn ata kò tíì kúrò lára rẹ̀ tán.

OHUN TÍ A RÍ

Ojú eṣinṣin kì í ṣe ẹyọ ojú kan. Ẹyinjú wẹ́wẹ́ tó ju 3,000 lọ ló tò pọ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan, bí afárá oyin. Ti lámilámi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú àwọn ẹ̀yà kan ó tó nǹkan bí 30,000. Ìyẹ́ méjì péré ni eṣinṣin ní, nígbà tí oyin àti labalábá ní mẹ́rin. Níbi tó yẹ kí ìyẹ́ méjì ìyókù wà, ẹ ó rí ọ̀pá kékeré méjì tí orí wọn rí róbótó. Bí eṣinṣin bá ń fò, ọ̀pá wọ̀nyí ń gbọ̀n pẹ̀lú ìyẹ́, òun ni ó sì fi ń mọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti fẹ́ yí. Ibẹ̀ ni àrà tó ń dá lójú afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Ìyẹ̀fun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka yín bí ẹ bá mú labalábá kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ìpẹ́ ni, wọ́n tò léra wọn bí páànù orí ilé, àwọ̀ labalábá sì wà lára wọn. Ẹni tó bá mú labalábá ti ṣí páànù ilé onílé nìyẹn. Alántakùn kékeré tó ń fò mọ́ ògiri yàrá wa ní ojú mẹ́jọ, méjì iwájú tóbi bí iná mọ́tò. (Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni alántakùn ní, kì í ṣe ẹbí kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n a kò lè lé e kúrò níbi àwòrán nítorí ìyẹn.)

Nǹkan wọ̀nyí dùn ún wò. Ohun tó mú wa rò pé owó wa kò ṣègbé yàtọ̀ sí wọn.

Ẹ̀yin tó ti gbọ́njú ní ọdún 2016 á rántí bí tòmátì ṣe di góòlù. Àfòpiná kan ló fà á, Tuta absoluta lórúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ó wọ Spéènì ní 2006, ó gba ibẹ̀ tàn dé Áfíríkà. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2016, ó ti jẹ oko tòmátì ní Kàdúná, Kánò àti Kàtsínà débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀rọ̀ tòmátì ní pàjáwìrì. Ẹbólà tòmátì ni àwọn èèyàn ń pè é. Ìyá tó ń ta ata ní Mile 12 l'Ékòó kò mọ àfòpiná kankan, ó kàn mọ̀ pé ọkọ̀ kò gbé tòmátì wá láti Òkè Ọya mọ́ ni.

Àfòpiná tó dá gbogbo rògbòdìyàn yẹn sílẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 sí 7 lọ. Àwọ̀ eérú ni, tóótòòtó dúdú sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló burú jù. Ìdin kékeré tó ń wọ àárín ewé, tó ń jẹ ẹran ewé láti inú, tó ń fi awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀rá òfìfo. Ẹni tó bá dúró lókè á rò pé oòrùn ló jó ewé.

Nínú fàdámà kan tí kò jìnnà sí ọgbà wa, àgbẹ̀ kan rí wa pẹ̀lú abọ́ áísìkiríìmù lórí kámẹ́rà, ó sì bi wá léèrè ohun tí a ń ṣe. Nígbà tí ó gbọ́, ó mú wa dé ìdí tòmátì tirẹ̀ tí ewé rẹ̀ ní abulẹ̀ funfun-funfun. Àìtó omi ni òun rò pé ó fà á. A fi èékánná la ewé kan, a ya ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà. Ìdin ni, kò tíì pé mìlímítà 6, àmì dúdú tín-ín-rín kan sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀ bí kọ́là. Àmì yẹn ni àwọn onímọ̀ fi ń dá ọmọ Tuta mọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdin mìíràn. Bàbá náà wo ojú kámẹ́rà pẹ́, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Omi tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò kan ọ̀ràn náà rárá.

Létí oko kan náà ni àgbàdo tí wọ́n ń fi omi rin wà. Nínú ọ̀kan ni a ti rí ìdin mìíràn tó gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Lójú lásán, ìdin ajẹ̀wé kan bí òmíràn ni. Lábẹ́ awò, ìlà funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ tó rí bí lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tóótòòtó dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìdí. Spodoptera frugiperda nìyẹn, ajẹgbàdo tó ti Amẹ́ríkà wá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 kan náà ni a kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ IITA tó wà ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìròyìn rẹ̀. Àfòpiná rẹ̀ lè fò tó kìlómítà 100 lóru ọjọ́ kan. Bí àgbẹ̀ bá tètè mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì kéré, tí kò tíì wọ ọ̀kán àgbàdo lọ, nǹkan ṣì ṣeé ṣe sí i. Bó bá ti wọlé tán, oògùn kì í tètè kàn án mọ́.

A ó sọ òótọ́: àwòrán nìkan kò tó fún ìdájọ́ ìkẹyìn. Àfòpiná tó jọra pọ̀, àwọn onímọ̀ sì máa ń fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tú kòkòrò náà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ilé tí wọ́n kó òkú kòkòrò jọ sí lóríṣiríṣi wà nítòsí wa ní Institute for Agricultural Research ní Samaru, fún ẹni tó bá fẹ́ fi èyí tó rí wé èyí tí wọ́n ti mọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tó mọ́ kedere lè jẹ́ kí onímọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí òun fi ń dìde. Àgbẹ̀ kò lè fi ẹnu ṣàpèjúwe Y tó dorí kodò.

FÚN ẸNI TÍ KÒ NÍ OWÓ LẸ́ŃSÌ

Ọ̀nà mìíràn wà. Tí ẹ bá ní kámẹ́rà àti lẹ́ńsì mìlímítà 50, ẹ lè ra túùbù, òrùka oníhò tí kò ní dígí kankan nínú, tí a ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi gígùn lẹ́ńsì pín gígùn túùbù. Túùbù mìlímítà 25 lẹ́yìn lẹ́ńsì mìlímítà 50 á fún yín ní ìdajì kan-sí-kan. Ti mìlímítà 50 á fún yín ní kan-sí-kan gan-an. Èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú wọn kò ní wáyà tí lẹ́ńsì àti kámẹ́rà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ihò ìmọ́lẹ̀ kò sì ní ṣeé dí lára lẹ́ńsì ìgbàlódé, nítorí náà lẹ́ńsì àtijọ́ tó ní òrùka ihò lára ló bá a mu jù. Àwọn kan a máa dojú lẹ́ńsì mìlímítà 50 kọ ẹ̀yìn, kí wọ́n fi òrùka so ó mọ́ kámẹ́rà. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹnu awò á kàn sún mọ́ kòkòrò jù ni. Ti orí fóònù, awò kékeré tí a ń há mọ́ ojú kámẹ́rà rẹ̀, kò burú fún ìdin tí kò ń sáré. Etí àwòrán rẹ̀ máa ń ṣú, àárín ni kí ẹ gbé kòkòrò sí.

Ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n yà tán lè máa to àwòrán léra: kí ó ya kòkòrò kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó máa sún síwájú ní ìdá mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà wá mú ibi tó mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó rán wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Levon Biss, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọgbọ́n yìí fún àfihàn rẹ̀ Microsculpture ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Oxford ní 2016. Àwòrán tó ju 8,000 lọ ni ó fi rán ẹyọ kòkòrò kan pọ̀. Òkú kòkòrò ni wọ́n o, èyí tó wà láàyè kò ní dúró de ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Àwa gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán 12 lórí lámilámi tí òtútù mú, ìyẹn ni èyí tí a tẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí.

Awò náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. A kì í yá ènìyàn gbé lọ sí ìgbéyàwó, ẹ má bínú. Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni a ń jáde pẹ̀lú rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹsẹ̀ má baà pọ̀ jù nínú koríko. Ẹni tó bá fẹ́ wá kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ṣáájú ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó sì mú aṣọ òtútù dání, nítorí kí oòrùn tó yọ ni a ó ti wà létí fàdámà.